Ife Ugú Àràárọ̀

Màmá Oǹdó fún ewé ugú náà títí omi rẹ̀ fi ṣú nínú abọ́. Ó sẹ́ ẹ, ó da mílíìkì agolo kan lé e lórí, ó bu mọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i kí òórùn ewé má baà lé ọmọ sá, ó sì rò ó pọ̀ nínú ife tánganran ńlá kan.

"Jesse, ọma mi, ó yá. Mu ún tán, má ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Bí àwọn ará Oǹdó ṣe ń pe ọmọ nìyẹn, "ọma". Jesse, ọmọ ọdún méjìlá, gbé ife náà dé ẹnu, kò sì gbé e kalẹ̀ títí ó fi rí ìdí rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, gbogbo ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ó rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Monílọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì sọ pé ugú kò bá oògùn rẹ̀ mu."

"Nọ́ọ̀sì sọ, nọ́ọ̀sì sọ. Ṣé nọ́ọ̀sì ló bí ìyá rẹ ni? Wọ́n la ọmọ láyà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bí omi, o wá ní kí n káwọ́ gbera kí n máa wò ó? Lọ gbálẹ̀."

Monílọ́lá lọ gbálẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó mọ̀wé, ó sì mọ ìwà hù. Ìwà tó mọ̀ ọ́n hù yẹn gan-an ló kó bá a, bí ẹ ó ṣe gbọ́.

Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni ilé àwọn òbí ọmọ méjèèjì wà. Káfíńtà ni Silas, bàbá wọn. Ìyá wọn ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìjàpó, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá tọrọ àyè ọjọ́ mélòó kan lè padà dé bá ẹlòmíràn lórí àga rẹ̀. Ọdún tí nǹkan le koko ni. Kò sẹ́ni tó ń kan bẹ́ẹ̀dì tuntun mọ́, gàrí tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù sì ti di ohun tí mẹ̀kúnnù ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ọdún yẹn náà ni ikùn Jesse bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ojú rẹ̀ wú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ọ́ ní "Alága", nítorí ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì kí òun tó wọlé. Jesse máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tó bá wá délé, á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kò ní í lè mí kanlẹ̀.

Wọ́n fún un ní oògùn aràn, wọ́n po àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Àwọn kan ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà tó yá, dókítà kan ní Àkúrẹ́ gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó tẹ́tí títí, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Oǹdó, kí wọ́n lọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀.

Ní Oǹdó, Dókítà Akíntóyè mú àwọn òbí rẹ̀ jókòó, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe fún wọn. Ó ní àrùn náà ṣọ̀wọ́n, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, kò sì tíì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló ń fà á. Ara inú ọkàn, tó yẹ kó rọ̀ kó sì máa fẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, ti le gbagidi bí awọ tó gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráàyè wọlé ló ń dá padà sẹ́yìn, tó ń di omi sí Jesse níkùn. Oògùn lè fa omi náà, àmọ́ kò lè rọ ọkàn. Àfi kí wọ́n là á, kí wọ́n bó awọ líle yẹn kúrò, kí wọ́n sì fi ilẹ̀kùn onírin kékeré kan rọ́pò èyí tí àrùn ti bà jẹ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan máa ń ti òkè òkun wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti bá àwọn dókítà Oǹdó ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mú Jesse mọ́ àwọn tí wọ́n máa ṣe fún. Wọ́n là á, ó sì là á já. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ikùn rẹ̀ ti pẹlẹbẹ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí yàrá bá dákẹ́, èèyàn á máa gbọ́ ilẹ̀kùn onírin náà láyà rẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí aago ọwọ́.

"Mo ti di ẹ̀rọ," ni Jesse ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. "Ẹ má ta omi sí mi lára o, mo lè dípẹtà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kúrò níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn òbí Jesse ti padà sídìí iṣẹ́ ní Àkúrẹ́; Màmá Oǹdó, ìyá ìyá àwọn ọmọ náà, ló wà níbẹ̀, ó sì ń di ẹrù lọ́wọ́. Ó ní kí Monílọ́lá lọ gbọ́ ọ. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé etí Monílọ́lá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀.

"Nítorí irin yìí, ẹ̀jẹ̀ á máa fẹ́ dì mọ́ ọn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìdí nìyẹn tó fi máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní alaalẹ́, títí ayé rẹ̀. Ewé tútù sì máa ń bá oògùn náà jà. Mi ò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́ o, ìwọ̀nba tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kó máa jẹ. Àmọ́ ugú tí wọ́n ń fún, tí wọ́n ń da mílíìkì sí yẹn, ẹ má dán an wò. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ó lè pa á. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà," ni Monílọ́lá dáhùn.

Nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ Jesse wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sì ti di ìjà, àwọn òbí wọn fi òun àti Monílọ́lá sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá ní Odòjọmu, nínú ìlú Oǹdó. Ìsinmi ilé-ìwé ni, àmọ́ ilé-ìwé tí ìyá wọn ti ń kọ́ni kì í dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró nígbà ìsinmi. Wọn kò tíì sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí Màmá fi ta ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, kó lè máa rówó mílíìkì rà. Òun fúnra rẹ̀ ti pa tíì mímu tì látìgbà tí mílíìkì ti wọ́n. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà dé góńgó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún yín. Ní àdúgbò rẹ̀, bí obìnrin bá bímọ tí ẹ̀jẹ̀ sì dà, omi ugú ni; bí ibà bá jẹ èèyàn lára tán, omi ugú náà ni. Báwo ni wọ́n ṣe máa la ọmọ láyà kí ó má mu ugú?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Monílọ́lá sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì dín in kù. "Kò bá oògùn rẹ̀ mu" ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ "ó lè pa á" kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Báwo lọ́mọ ṣe máa wo ojú àgbà tó ta ewúrẹ́ rẹ̀, kó ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa pa ọmọ? Ó ronú àtipe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó mọ ohun tó máa tẹ̀lé e: ìyá rẹ̀ á pe Màmá, Màmá á sunkún, wọ́n á sì ní òun lòun da ilé rú. Jesse sì ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ, ó ń jẹun bí ẹni tó ti oko dé. Monílọ́lá sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá àwọn nọ́ọ̀sì máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Ó dákẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Jesse, wọ́n jókòó de èsì. Dókítà Akíntóyè wo èsì náà, ó fajú ro.

"Ẹ̀jẹ̀ yìí ń yára dì jù. Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀?"

"Alaalẹ́ ni, sà," ni Monílọ́lá dáhùn, òótọ́ sì ni.

"Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀fọ́ pọ̀ níbẹ̀?"

Màmá Oǹdó gba ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀fọ́ kẹ̀, dókítà? Ilá ni mo ń sè fún un, àti ọbẹ̀ ata."

Kì í ṣe pé ó ń purọ́ lójú ara rẹ̀. Lójú tiẹ̀, ohun tí a sè, tí a fi gba òkèlè, ló ń jẹ́ ẹ̀fọ́. Omi ugú kì í ṣe ẹ̀fọ́, ẹ̀jẹ̀ ni. Dókítà yíjú sí Monílọ́lá.

"Àbúrò, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Màmá jókòó tì í nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó kó ọwọ́ lé itan, ara rẹ̀ balẹ̀. Àwọn èèyàn wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn. Bí Monílọ́lá bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti pe ìyá ìyá rẹ̀ ní onírọ́ lójú àjèjì nìyẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ tí a kọ́, tó gba ẹ̀kọ́, kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Dókítà fi kún oògùn Jesse, ó sì ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Màmá dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọmọ tó gbọ́n ni ọ́," ó sì ra àádùn fún un lẹ́nu géètì. Monílọ́lá jẹ ẹ́. Ó dùn. Lẹ́yìn náà, dídùn tí àádùn yẹn dùn lẹ́nu rẹ̀ wà lára ohun tí kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀.

Nítorí pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ Jesse kò dára tó, Màmá fi ugú kún ugú. Àárọ̀ nìkan ni Jesse ń mu ún tẹ́lẹ̀, ó wá ń mu ún láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òun àti Monílọ́lá ń ta lúdò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jesse ń ṣẹ́gun, ó sì ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lójijì ó fi ọmọ ayò sílẹ̀, ó fọwọ́ di àyà mú.

"Mọ́ní, ó ń rẹ̀ mí."

"Fẹ̀yìn lélẹ̀. Ṣé kí n fún ẹ lómi?"

"Mi ò lè mí dáadáa."

Monílọ́lá gbé etí lé e láyà. Kò gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́ mọ́. Ohun kan ń dún níbẹ̀ fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ wé aago. Jesse rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ṣé mo ti dípẹtà ni?"

Màmá gbé e sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, Monílọ́lá gun òmíràn tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n gbé Jesse wọlé tán, tí wọ́n ní kí Màmá dúró síta, Monílọ́lá sá tẹ̀ lé Dókítà Akíntóyè, ó di aṣọ funfun rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ló ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ugú, mílíìkì, àràárọ̀, ọ̀sán, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, irọ́ tí òun pa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà kò bú u. Ó pa ojú dé díẹ̀, ó ní, "O ṣé tí o sọ ọ́," ó sì sáré wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ ti dì bo ilẹ̀kùn onírin náà, kò lè ṣí, kò lè tì. Wọ́n fún un ní oògùn tó máa ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó lè tún là á, àwọn oníṣẹ́ abẹ òkè òkun yẹn, ti padà sílùú wọn. Jesse kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìyá wọn dé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Ìró ẹkún rẹ̀ ló sọ fún àwọn ará wọ́ọ̀dù pé ó ti dé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn kò jẹ́ kí òun àti Silas ọkọ rẹ̀ mọ ojú oórì ọmọ wọn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò lọ sin ín sẹ́yìn ìlú, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n sì lọ.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ń bi Màmá pé kí ló ṣe ọmọ náà, ìdáhùn Màmá kò sì yàtọ̀. "Irin ni. Wọ́n fi irin sí ọmọ láyà. Kí ni irin ń wá nínú ọkàn ọmọ èèyàn?" Àwọn èèyàn á mi orí, wọ́n á ní òótọ́ ni. Monílọ́lá á jókòó sí kọ̀rọ̀, kò ní í gbójú sókè. Ó rọrùn láti jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní ohunkóhun. Dókítà Akíntóyè kò wá síbẹ̀, irin kò sì lẹ́nu tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà àti Jesse ti jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà rí. Leah lorúkọ ọmọ náà, irú àrùn Jesse gan-an ló ń ṣe é. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ojú rẹ̀ wú, ó sì ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ìyá Leah sunkún Jesse, ó nu ojú, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá.

"Màmá, àwọn òyìnbó yẹn á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n máa múra Leah sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, kí lẹ rí sí i?"

Màmá kò ronú rárá. "Má gbé e lọ. Mú ọmọ rẹ lọ sílé. Bó bá máa kú, jẹ́ kó kú lódidi. Èmi ti rí tèmi."

Ìyá Leah fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń mi orí. Monílọ́lá wo Leah. Ọmọ náà ń wo ẹnu Màmá bí ẹni tí wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Lọ́tẹ̀ yìí, tara Leah ló fẹ́ bá Monílọ́lá dákẹ́. Ó dìde ní kọ̀rọ̀ tó wà, ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá, lójú àjèjì.

"Màmá, ẹ foríjì mí. Irin kọ́ ló pa Jesse. Omi ugú ni. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún mi kí a tó kúrò níbẹ̀. Dókítà bi mí lójú yín, mo gbè yín lẹ́yìn. Ká ní mo sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, wọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i."

 Ìyá Monílọ́lá, tó ń bọ̀ láti yàrá, fara ti ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Màmá Oǹdó kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Kí ni nọ́ọ̀sì sọ gan-an?"

"Ó ní ó lè pa á."

"Pa á. Ó pe ọ̀rọ̀ ikú mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èyí tó o sọ fún mi ni pé kò bá oògùn mu."

"Mo bẹ̀rù láti sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń rí yín fín."

Màmá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "Ọwọ́ mi rèé," ó ní. "Èmi ni mo fún un, èmi ni mo gbé e fún un. Mi ò ní í dì í rù ọ́. Ṣùgbọ́n ò bá ti rí mi fín, ọma mi. Ò bá ti gba ife yẹn lọ́wọ́ mi, kí o dà á sílẹ̀ lójú mi. Ǹ bá bú ọ, ǹ bá nà ọ́, ǹ bá lé ọ padà sí Àkúrẹ́. Jesse ì bá sì wà níhìn-ín, kó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún. Nígbà tó sunkún tán, ó yíjú sí Ìyá Leah.

"Gbé e lọ. Iṣẹ́ wọn dára, ọmọ mi dìde lórí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la rí i. Ohun tí wọ́n bá ní kó má jẹ, má fún un. Ohun tó bá sì gbà sẹ́nu, sọ ọ́ fún dókítà, omi lásán ni ì báà jẹ́. Bí àgbà kankan bá gbé ewé wá bá ọ, ì báà jẹ́ èmi, lé e jáde."

Ìyá Monílọ́lá kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò nà án, kò bú u; ó kàn jẹ́ pé kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ kò ju pé, "Jókòó tì mí." Monílọ́lá jókòó tì í títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná, kò sì sí ẹni tó dìde lọ sọ̀ ọ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n tí ọmọdé bá gbé mì nítorí ojú àgbà, kò sí ìlú tí wọ́n lè fi í dá. Ọ̀wọ̀ dára, ayé ọmọ tí kò bọ̀wọ̀ fún àgbà kò ní í gún. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ni ọ̀wọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ ni ọ̀wọ̀. Irọ́ tó lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ohun tí ó bá lè pa èèyàn, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, ẹ má dín in kù, bí wọ́n tilẹ̀ máa nà yín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Leah, ó sì yè. Ìyá rẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù láti sọ fún wọn. Inú Monílọ́lá dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó sì sunkún, nítorí ọ̀rọ̀ tó gba Leah là ti wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Jesse ṣì wà láyé.